Ọ̀gá Tó Ń Kí Awọ

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kí ẹ má baà dá mi dúró láàárín ọ̀nà: ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí kì í ṣe olè, kì í ṣe ọ̀mùtí, kì í fìyà jẹ ìyàwó rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe é. Ó gbà pé bí òun bá ti wọ yàrá, àwọn àga ibẹ̀ máa ń nàró díẹ̀ sí i.

Òun ni Ọ̀gá Àgbà ilé ìdánwò òògùn. Ilé náà ní òkè kan, àtẹ̀gùn rẹ̀ sì ní igbésẹ̀ mọ́kànlélógún. Orí igbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni Igbákejì rẹ̀ ti ń kí i láràárọ̀. "Ẹ káàárọ̀ sà, Ìmọ́lẹ̀ wa!" nìyẹn lórí èkíní. "Ẹ káàárọ̀ sà, Òpó wa!" nìyẹn lórí èkejì. Kí wọ́n tó dé òkè, èémí Igbákejì á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, Ọ̀gá Àgbà á sì dúró dè é títí á fi parí, nítorí kò fẹ́ kí ìkankan ṣòfò.

Iṣẹ́ ilé náà kò le láti yé ni. Ìpara pọ̀ tí à ń fi pa ara nítorí ara yíyún tàbí oríkèé ríro. Ìpara kan lè máa dán, kó máa ta sánsán, kó wà nínú ike aláràbarà; bí òògùn inú rẹ̀ kò bá gba awọ ara wọlé, ọ̀rá lásán ni. Awọ ara ẹ̀dá sì rèé, olùṣọ́ ẹnu-ọ̀nà tí kì í gba rìbá ni. Kì í wo aṣọ tí ẹ wọ̀, kì í béèrè ẹni tó bí yín lọ́mọ.

Báwo la ṣe wá ń mọ èyí tó gbà láàyè? Ilé ìwòsàn ńlá kan ló ń fi awọ ránṣẹ́ sí wọn, awọ tí wọ́n gé kúrò lára àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ikùn, tí àwọn tó ni ín sì ti fọwọ́ síwèé pé kí wọ́n fi ṣe ìwádìí. Wọ́n á gé e róbótó bí ìdérí ìgò, wọ́n á nà án sáàárín ife gíláàsì méjì. Ife òkè kéré, ibẹ̀ ni ìpara ń jókòó sí. Ife ìsàlẹ̀ ní ikùn, omi ló kún inú rẹ̀, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ara ènìyàn. Ohun tó bá gba awọ kọjá, inú omi ìsàlẹ̀ ló máa bọ́ sí. Wákàtí-wákàtí ni wọ́n ń fi sìríńjì fa díẹ̀ nínú omi náà, fún odindi ọjọ́ kan, tí ẹ̀rọ á sì ka iye òògùn tó wà níbẹ̀. Ó tán. Sùúrù ni gbogbo rẹ̀.

Obìnrin kan ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, Adíwọ̀n ni wọ́n ń pè é. Ó ní ọmọbìnrin ọdún méjì tí ara yíyún ń bá fínra. Ìgbọ̀nwọ́ ọmọ náà àti ẹ̀yìn orúnkún rẹ̀ ti sán bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Bí ó bá sùn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, á ta jí, á bẹ̀rẹ̀ sí í họra, ìyá rẹ̀ á di ọwọ́ rẹ̀ mú, àwọn méjèèjì á jọ máa sunkún. Ohun kan ṣoṣo tó ń tù ú ni ìpara kan tó wà nínú túùbù funfun, tí wọ́n ń fún wọn ní kílíníìkì àdúgbò. Túùbù náà ò lẹ́wà. Ìdérí rẹ̀ kì í dé dáadáa. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti fi pa ọmọ náà fún ọjọ́ méjì-mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ á fi ara rẹ̀ sílẹ̀.

Ó wá di ọjọ́ kan, Ọ̀gá Àgbà ní òun ti po ìpara. Ká sọ tòótọ́, kì í ṣe òun ló pò ó. Ó kàn dúró nítòsí nígbà tí wọ́n ń pò ó. Ó sọ ọ́ ní Ìpara Àṣẹ. Ó kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ, ènìyàn mọ́kàndínlógún, ó gun orí àpótí.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi!" ló wí. "Láti ìgbà tí awọ ti wà lára ẹ̀dá, wọ́n ń fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, wọ́n ń fi ìpara pa á, wọ́n ń fi aṣọ bò ó. Ta ló kí i rí? Ta ló bi í pé, báwo ni? Ẹ̀yin náà, bí ẹnì kan bá kàn ṣàdédé wọ ilé yín láìkí yín, ṣé ẹ máa ṣílẹ̀kùn fún un?"

"Rárá o!" Igbákejì ló dáhùn fún gbogbo wọn.

"Nítorí náà, láti òní lọ, kí ìpara mi tó dé orí awọ kankan, èmi fúnra mi ni yóò kọ́kọ́ kí i!"

Ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó wà níbẹ̀ náà rẹ́rìn-ín, inú ni wọ́n rín in sí. Ibi tí ènìyàn ti ń jẹun kò ṣeé yẹ̀yẹ́.

Adíwọ̀n nìkan ló nawọ́. "Ẹ dákun sà. Aago mẹ́jọ àárọ̀ la máa ń fi omi aláró yẹ awọ wò. Bí aró náà bá jò sísàlẹ̀, a mọ̀ pé awọ yẹn ti lu, a ó sọ ọ́ nù. Bí kò bá jò, a ó fọ aró rẹ̀ kúrò, a kì í sì í fọwọ́ kàn án mọ́ títí tí ìpara á fi dórí rẹ̀."

"Ṣé ọwọ́ lo pe tèmi yìí?"

"Ọwọ́ kọ́ nìyẹn, ìyá ọmọ," Igbákejì bá a dá sí i. "Ìtùnú ni."

Ibí yìí ló yẹ kí n ti sọ fún yín pé Ọ̀gá Àgbà ní èékánná kan. Mo mọ̀ pé gbogbo wa la ní mẹ́wàá lọ́wọ́, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yìí ṣe ọ̀tọ̀. Orí ọmọńdinrín ọwọ́ ọ̀tún ló wà. Ó gùn, ẹnu rẹ̀ ṣe ṣónṣó, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi epo pa á. Ọdún mẹ́sàn-án ló ti ń tọ́ ọ, kí aráyé lè rí i pé òun kì í ṣe ẹni tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́.

Báyìí ni ìkíni náà ṣe ń lọ. Bí aago mẹ́wàá bá ti lù, gbogbo òṣìṣẹ́ á dìde. Igbákejì á ṣáájú, á máa kígbe, "Ẹ̀yin awọ, ẹ múra o! Ẹni tó mọyì yín ń bọ̀!" Gíláàsì méjìlá ló máa ń wà lórí tábìlì, awọ ti wà nínú wọn: mẹ́fà fún Ìpara Àṣẹ, mẹ́fà fún ìpara inú túùbù funfun, kí wọ́n lè fi wọ́n wéra. Ọ̀gá Àgbà á ti ọmọńdinrín rẹ̀ bọ ife òkè, á tẹ awọ náà, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, awọ. Èmi náà ni." Wọ́n á pàtẹ́wọ́. Á bọ́ sí èkejì. Bí ó bá kí mẹ́fà tirẹ̀ tán, á wo mẹ́fà tó kù, á yínmú sí wọn. "Èmi kì í kí awọ alátakò."

Ẹ ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, àbí? Ẹ kú ojú. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ló ń wò ó lójoojúmọ́ nínú ilé náà, ẹnì kankan ò rí i, nítorí ojú Ọ̀gá ni wọ́n ń wò, kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀.

Èsì jáde. Ìpara Àṣẹ wọlé ní ìlọ́po ogójì ti ìpara inú túùbù funfun. Ogójì! Ọ̀gá Àgbà ní kí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀rọ. Ó ní bí ilà kankan bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí ìwé, kí wọ́n yí ìwé náà po. Ó ní ọjọ́ kan gbáko pọ̀ jù láti fi dúró de ọkùnrin bíi tòun, wákàtí mẹ́ta tó. Lẹ́yìn náà ló wá pa àṣẹ tó dùn mọ́ ọn jù: láti ọjọ́ kìíní oṣù tó ń bọ̀, kí gbogbo kílíníìkì kó túùbù funfun jáde, kí wọ́n dáná sun ún, kó jẹ́ Ìpara Àṣẹ nìkan ni wọn yóò máa fún àwọn aláìsàn. Ó ku kí alábẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ ìjọba wá wo iṣẹ́ náà lọ́jọ́bọ̀, kó fọwọ́ síwèé.

Ọkàn Adíwọ̀n lọ sílé. Túùbù tó wà nílé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ó ti ń ká a láti ìdí. Ó ronú pé, ó dáa, bóyá tuntun yìí dára lóòótọ́. Ṣebí ọwọ́ òun lòun fi wọ̀n ọ́n. Ó bu Ìpara Àṣẹ díẹ̀, ó fi pa apá òsì ọmọ rẹ̀. Ó dúró di ọjọ́ kejì. Ó dúró di ọjọ́ kẹta. Ìpara náà jókòó sórí awọ bí àlejò tí kò rí ẹni ṣílẹ̀kùn, ó kàn ń dán gbinrin. Nígbà tó fi aṣọ nù ún, bí ó ṣe fi sí i náà ló ṣe nù ún kúrò. Ọmọ náà ti họ apá yẹn títí ẹ̀jẹ̀ fi yọ.

"Àbí mi ò mọ iṣẹ́ mọ́ ni?" ló ń bi ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ síbi iṣẹ́. "Àbí ẹ̀rọ yẹn ń purọ́?"

Bàbá Onígò ló bá a rí i. Bàbá yìí ló ń fọ gíláàsì nídìí kòtò omi tó wà lẹ́yìn ilé, òun ló sì ń kó awọ tí wọ́n ti lò dànù. Lọ́jọ́ ajé ọ̀sẹ̀ tí alábẹ̀wò ń bọ̀, ó fi ẹ̀mú gbé ọ̀kan sókè sí ojú fèrèsé.

"Ìyá ọmọ, wá báyìí. Ṣé ojú mi ló ń ṣe bàìbàì ni, àbí awọ yìí lójú?"

Adíwọ̀n wò ó. Ihò kan wà láàárín rẹ̀, ó tẹ̀ kọrọdọ bí oṣù tuntun.

"Ẹ gbé òmíràn, Bàbá."

Òmíràn náà lójú. Ìkẹta náà. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí wọ́n fi Ìpara Àṣẹ sí ló ní ihò lójú kan náà. Wọ́n gbé ti túùbù funfun sókè: ó pé, kò sí ihò kankan.

Bàbá Onígò wo ọmọńdinrín ara rẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ó nà án. "Háà," ló wí. "A jẹ́ pé òògùn ò wọlé. Ilẹ̀kùn ni wọ́n já."

"Bàbá, ta ló máa sọ fún un?"

"Èmi kọ́ o. Gíláàsì ni mò ń fọ̀."

Adíwọ̀n gun àtẹ̀gùn mọ́kànlélógún náà. Ó kúnlẹ̀ kí Ọ̀gá Àgbà, ó gbé awọ náà kalẹ̀ sínú àwo, ó ṣàlàyé. Ọ̀gá Àgbà gbé awọ náà wò títí. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Igbákejì," ló wí, "wá wo nǹkan. Awọ là fún mi."

"Yéè!" Igbákejì dojúbolẹ̀. "Ó là fún yín o, sà! Èmi tí mo ti ń kí ènìyàn láti odindi ọdún wá, awọ kan ò là fún mi rí!"

"Sà," ni Adíwọ̀n wí, "èékánná yín ló dá a lu. Bí awọ bá ti lu, omi inú kànga pàápàá máa gbabẹ̀ kọjá. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sun túùbù funfun, ẹ jọ̀ọ́. Àwọn ọmọ wà tó jẹ́ pé òun nìkan ló ń..."

"Gbọ́, obìnrin yìí." Ohùn Ọ̀gá ti yí. "Bí mo bá tún gbọ́ ọ̀rọ̀ ihò lẹ́nu rẹ kí ọjọ́bọ̀ tó kọjá, ilé ni wàá ti máa ṣe ìdíwọ̀n. Ìrẹsì ni wàá máa wọ̀n."

Ó sọ̀kalẹ̀. Kò sunkún. Ọjọ́ mẹ́ta ló kù.

Ọjọ́bọ̀ pé. Wọ́n ti tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí tábìlì. Alábẹ̀wò dé: obìnrin àgbàlagbà kan tó gbé báàgì gbígbó, bàtà rẹ̀ ò dún, kò sì dúró gba ìkíni kankan lórí àtẹ̀gùn, tó fi jẹ́ pé ìkíni mọ́kànlélógún ló há sí Igbákejì lọ́fun. Ọ̀gá Àgbà sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó sọ ìtàn ara rẹ̀ láti ìgbà tó ti ń rá. Nígbà tó mí, alábẹ̀wò ní, "Ṣé ó ti tán? Ẹ jẹ́ ká rí iṣẹ́."

Gbogbo ojú yí sí Adíwọ̀n. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ̀rọ̀ ihò, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Bí òun ò bá sọ ọ́, túùbù funfun wọná nìyẹn. Ó wá rántí pé ọ̀nà mìíràn wà tí a fi ń bá irú ọkùnrin yìí sọ̀rọ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Màámi, mo ti fi omi aláró yẹ awọ méjèèjìlá wò ní aago mẹ́jọ, kò sí èyí tó jò, mo sì ti fọ̀ wọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n ojú yín la fẹ́ fi ṣe é lónìí. Mo bẹ Ọ̀gá wa kí wọ́n kọ́kọ́ kí awọ wọn, bí wọ́n ti máa ń ṣe. Lẹ́yìn náà ni n ó tún yẹ̀ wọ́n wò, kí àlejò wa lè rí agbára ìkíni náà."

Igbákejì ṣẹ́jú. Ọ̀gá Àgbà wú. "Ẹ gbọ́ bí ọmọ yìí ṣe ń sọ̀rọ̀ bí ọmọlúàbí lónìí!"

Ó ká ọwọ́ kóòtù sókè. "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, awọ. Èmi náà ni." Mẹ́fà. Àtẹ́wọ́ ròkè. Ó yínmú sí mẹ́fà tó kù. Adíwọ̀n gbé ìgò aró, ó kán an sí ife òkè méjèèjìlá lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ta sílẹ̀.

Kò tó kí ènìyàn mí lẹ́ẹ̀mejì. Aró yọ́ sísàlẹ̀ nínú mẹ́fà tí Ọ̀gá kí, ó ń ta bí èéfín nínú omi, títí ikùn gíláàsì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà fi dúdú bí aṣọ ọ̀fọ̀. Mẹ́fà yòókù ń wò wọ́n, omi wọn mọ́ lóló.

Ojú Ọ̀gá Àgbà tàn. "Ẹ rí i! Ẹ ṣáà rí i! Aró lásán, tí a kò fi òògùn kankan sí, òun pàápàá ń bọ̀wọ̀ fún mi!"

Igbákejì gbé ọwọ́ sókè láti pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ náà dúró sínú afẹ́fẹ́. Ó ti ń rí ojú alábẹ̀wò.

"Ọ̀gá," ni màmá náà wí jẹ́jẹ́, "ẹ bá mi kí ọ̀kan nínú àwọn alátakò yìí."

"Nítorí tiyín nìkan, mà." Ó ti ọmọńdinrín bọ̀ ọ́. Kó tó fa ọwọ́ yọ, aró ti ń bá a sọ̀kalẹ̀.

"Nínú gbogbo awọ tí ẹ fi kọ ìwé àbọ̀ yìí, mélòó lẹ kí?"

"Gbogbo ti Ìpara Àṣẹ!" Ó nà dúró gbọnrangandan. "Ẹyọ kan ò lọ láìgba ìkíni mi!"

"Ẹ fi ọmọńdinrín yẹn hàn mí."

Ó nà án sí i bí ẹni fẹ́ gba òrùka. Aró ti bo èékánná náà, awọ tín-ín-tín kan sì so rọ̀ létí rẹ̀. Ibi tí ẹ̀rín ti bẹ̀rẹ̀, mi ò mọ̀; Bàbá Onígò ní kì í ṣe ẹnu òun. Ṣùgbọ́n ó ti kọjá láti inú bọ́ síta, ó ń yí ká yàrá, Ọ̀gá Àgbà sì ń wo ojú kan dé òmíràn, ó ń wá ẹni tí wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Alábẹ̀wò nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọmọ ni wọn ó fi ìpara yìí pa," ló wí. "Ọmọ tí ara ń yún. Kò sì sí ẹni tó máa bá wọn gún ara lu kó tó wọlé."

Ó ní kí Adíwọ̀n ti ilẹ̀kùn, kó na awọ tuntun méjìlá, kó sì dúró de odindi ọjọ́ kan. Ní ọ̀la rẹ̀, èsì jáde. Òògùn inú túùbù funfun ń wọlé ní tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó mọ ilé tó ń lọ. Ti Ìpara Àṣẹ, ẹ̀rọ wá a títí, òdo ló kọ.

Kí oṣù tó parí, wọ́n ti mú Ọ̀gá Àgbà kúrò lókè, wọ́n fi sí ilé ẹrù nísàlẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń fi gọ́ọ̀mù lẹ ìwé mọ́ páálí. Igbákejì ń sọ fún ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé òun ti ń kìlọ̀ fún ọkùnrin yẹn tipẹ́.

"Lórí igbésẹ̀ wo?" Bàbá Onígò bi í.

Òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní oṣù, Adíwọ̀n gbé ọmọ pọ̀n, ó lọ kílíníìkì. Kò sùn dáadáa. Ó ń rò ó pé bóyá ìwé tó fagi lé àṣẹ náà ò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, bóyá wọ́n ti sun túùbù. Láti ẹnu ọ̀nà ló ti ń na ọrùn. Túùbù funfun wà lórí pẹpẹ. Ó kà á: mẹ́tàdínlógún. Ó tún un kà.

Ọkùnrin tó wà níwájú rẹ̀ lórí ìlà fi aṣọ we ọwọ́ méjèèjì. Gọ́ọ̀mù ti bó o. Nígbà tó yíjú, Adíwọ̀n mọ̀ ọ́n, Ọ̀gá Àgbà àtijọ́ náà sì mọ̀ ọ́n. Ó fẹ́ wo òkè, kò sí nǹkan kan lókè.

"Ìyá ọmọ," ló wí lóhùn tí mi ò rò pé ẹnikẹ́ni tíì gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, "ìpara yìí... ṣé ó ń wọlé dáadáa?"

Adíwọ̀n lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́wàá. Gbogbo wọn tò sí ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wo ìka tó yọ létí aṣọ náà, ó pọ́n, ó sì wú, ó mọ bó ṣe ń ta ni.

"Ó ń wọlé, sà. Ẹ bu tó orí ìka kan, ẹ fi pa á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Ẹ má kánjú rẹ̀. Ó máa ń tó ọjọ́ mẹ́ta."

Adíwọ̀n gba túùbù tirẹ̀, ó lọ sílé. Ní ọjọ́ kẹta, ọmọ náà sùn láti ìgbà tí oòrùn wà lágbedeméjì ọ̀run títí ó fi rọ̀, kò họra, kò ta jí. Ìyá rẹ̀ wọlé lọ wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, kò lè mú un mọ́ra, ó fi ìka kàn án nímú bóyá ó ṣì ń mí. Ọmọ náà lajú, ó wò ó bí ẹni wo aláìmọ̀kan, ó yíjú sógiri, ó tún sùn lọ.